Ojúlé Ọ̀bẹ Jíbrílù

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé kò kí ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ibòmíràn ni, a ò bá ní bóyá ojú ń kán an. Ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó nìyí, níbi tí ọmọ tó bá gbàgbé láti kí àgbà á ti gbọ́ tìyá tìbàbá rẹ̀ kó tó dé ìkángun àdúgbò. Bàbá arúgbó náà kọjá lára Ọpẹ́yẹmí lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, kò wò ó, kò sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì inú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan kan lórí òfo. Ọwọ́ òsì ń yí nǹkan tí kò sí níbẹ̀ po, ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó pẹ́ kí Ọpẹ́yẹmí tó mọ ohun tó ń wò. Ọsàn ni bàbá náà ń bó.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àlejò onílé ni, ó bá kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó gbé e dé ilé náà kò le rárá. Bárístà Ẹniọlá ló rán an, obìnrin agbẹjọ́rò kan tó ní ọ́fíìsì ní Marina, tó ń kó ọ̀bẹ àpò àtijọ́ jọ bí ẹlòmíràn ṣe ń kó bàtà jọ. Àwọn ọ̀bẹ kéékèèké tó ń ká sínú èkù wọn ni mò ń sọ, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń gé tábà, tí wọ́n á pa dé, tí wọ́n á sọ sápò dàńṣíkí. Èyí tó wu Bárístà jù nínú wọn ni èyí tí Jíbrílù rọ, alágbẹ̀dẹ ará Ọ̀yọ́ kan tó lo ayé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kó tó kú. Ayédèrú sì ti gba ìgboro. Bárístà kó àwọn tirẹ̀ sínú páálí, ó gbé e fún Ọpẹ́yẹmí, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ ló ń ṣe jẹun, ó ní kó lọ sí ilé Jíbrílù, kó wá ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rọ àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí òun lè mọ ojúlówó.

Jíbrílù kò mọ̀wé, kò sì tọ́jú ìwé kankan. Òpó ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀. Òpó ìrókò ni, ó dúdú, ó ń dán níbi tí èjìká àwọn èèyàn ti ń kàn án láti ọjọ́ pípẹ́. Bí Jíbrílù bá rọ ọ̀bẹ kan tán, òpó yẹn ni yóò kọ́kọ́ fi í gé, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ọ̀bẹ náà tó jáde lọ bá ẹni tó ni ín. Àwọn ilà náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń gòkè bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà kọ̀ọ̀kan ló ti fi irin gbígbóná sàmì bóyá èkù oníwo ni, tàbí onígi, tàbí eléegun. Ojúlé ni wọ́n ń pe ilà náà nínú ilé yẹn. Gbogbo ọ̀bẹ ló ní ojúlé tirẹ̀.

Ìyá Àsíátù, opó Jíbrílù, ló la gbogbo èyí yé e lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Obìnrin kúkúrú ni, ẹlẹ́nu mímú, tí kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Wò ó dáadáa. Yà á ní fótò, fi rúlà wọ̀n ọ́n bó o ṣe fẹ́," ìyá náà wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Má fi ọ̀bẹ padà sí ojúlé rẹ̀. Bàbá Àsíátù máa ń sọ pé ọ̀bẹ tó bá ti jáde, kò gbọdọ̀ padà wálé."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́, bí àwa ọmọ Èkó ṣe máa ń gbọ́ ìkìlọ̀: ó gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde. Ẹ má sì dá a lẹ́bi jù. Ilà méjì á jọra bí ìbejì, rúlà ò ní mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ọ̀nà tó dá a lójú ni kó ti ẹnu ọ̀bẹ bọ inú ilà, kó wò ó bóyá wọ́n bára mu, bí èèyàn ṣe ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lára àgádágodo. Nígbà tí ìyá náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó mú ọ̀bẹ oníwo kan, ó ṣí i, ó tì í bọ ojúlé kan tó rò pé ó jẹ́ tirẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Òpó náà dún díẹ̀, bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ síbẹ̀ kó lè kọ nǹkan tó rí sílẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá ọlọ́sàn wọlé.

Nígbà tó yá, ebi pa á. Ó dìde láti lọ ra búrẹ́dì níta. Ó gbé ẹsẹ̀ láti jáde, ẹsẹ̀ náà sì padà síbi tó ti gbé e. Ó tún un gbé. Kò sí ohun tó dì í mú, kò dùn ún, kò wúwo. Ẹsẹ̀ náà kàn ń padà ni. Ìgboro wà níwájú rẹ̀ gbalaja, kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ: àwọn alábàárù ń ru páálí wàrà bọ̀ láti Òkè Àrin, jẹnẹrétọ̀ ń bú, ẹnì kan ń bá ẹnì kejì ná ọjà. Ọmọbìnrin kan ń kiri omi inú ọ̀rá lọ. Ọpẹ́yẹmí pè é, ó tún pè é. Ọmọ náà yíjú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì sáré kọjá lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wo ògiri.

Ó ní bóyá ebi ló ń kọ lù ú, kí òun tètè palẹ̀ mọ́. Ó fa ọ̀bẹ náà yọ lára òpó, ó pa á dé. Òórùn ọsàn gba inú ọ̀ọ̀dẹ̀ kan. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ńṣì, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ilé náà ní síta ni òun gan-an dúró sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sọdá wẹ́rẹ́. Ó ra búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ẹ́.

Ẹlòmíràn ì bá má padà. Ọpẹ́yẹmí padà lọ́jọ́ kejì, nítorí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ máa ń sọ ẹ̀rù àná di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó mú ọ̀bẹ eléegun kan, ó tì í bọ ojúlé rẹ̀, ó sì dúró. Kò pẹ́, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, kò kí i, ó jókòó. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn lójú rírán aṣọ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, fín-ín fín-ín, pẹ̀lú sùúrù.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà," ni Ọpẹ́yẹmí wí. Obìnrin náà kò gbójú sókè.

Ìyá Àsíátù ló wọlé bá wọn. Ó wo obìnrin náà, ó wo òpó, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Yọ ọ́."

"Mà, mi ò mọ̀ pé..."

"Mo ní kó o yọ ọ́. Ọwọ́ tó fi í síbẹ̀ nìkan ló lè yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Obìnrin aránṣọ náà ta gìrì, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Níbo rèé? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé mi débí? Mo fi oníbàárà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Èbúté Èrò!" Ìyá Àsíátù fi ẹ̀bẹ̀ sìn ín síta, ó ní oòrùn ló pa á. Ó ń lọ, ó ń ṣépè fún ẹni tó bá fẹ́ fi òun ṣe ẹran.

Nígbà tí ọ̀ọ̀dẹ̀ dákẹ́, ìyá náà jókòó. "Ẹni tó fi ọ̀bẹ yẹn gé nǹkan kẹ́yìn ló máa ń wá," ó wí. "Bó bá wà láyé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wá, kò sì ní rántí. Bó bá ti kú, yóò wá náà. Iṣẹ́ tó fi ọ̀bẹ náà ṣe kẹ́yìn ni ọwọ́ rẹ̀ á máa ṣe títí wọ́n á fi yọ ọ́."

"Bàbá kan wá lánàá, wọ́n ń bó ọsàn."

"Bàbá Mùs'áb nìyẹn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin wọ́n." Ó nu ojú rẹ̀. "Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀bẹ bá wà lára òpó, ẹni tó wá ò ní lè lọ. Ìwọ tó pè é náà ò ní lè lọ. Ẹ jọ wà níbẹ̀ ni. Ṣé o ti gbọ́ báyìí?"

Ó ti gbọ́. Ó búra pé rúlà nìkan ni òun yóò máa lò, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni ìbúra náà ti wá. Bí kì í bá ṣe ohun tó wà nísàlẹ̀ páálí ni, ibẹ̀ ni ìtàn yìí ì bá parí sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló kàn án. Ọ̀bẹ onígi kan ni, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Èkù rẹ̀ ti là nígbà kan, ẹnì kan sì ti fi wáyà bàbà yí i po kó má bàa pín sí méjì. Ọpẹ́yẹmí kò nílò rúlà, kò nílò òpó. Òun gan-an ló di etí wáyà yẹn mú nígbà tó wà ní ọmọdé, tí bàbá rẹ̀ ń yí i, tó ń sọ pé, "Dì í mú dáadáa, ọkọ mi. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ ni. Jòsáyà, Ìjẹ̀ṣà tó ń ta wàrà àti ṣúgà ní Òkè Àrin, ọ̀bẹ yìí ló fi ń gé okùn páálí láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pa ọjà dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ pàdé ẹrù ní Èbúté Èrò, ó sọ ọ̀bẹ sápò, ó jáde. Kò padà mọ́. Kò sí òkú, kò sí ìròyìn. Ìyá Ọpẹ́yẹmí ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lálaalẹ́, ó ń fi abọ́ bò ó, ó ń dà á nù láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí àwọn ẹbí fi sọ pé ó tó, tí wọ́n ní kí Sámúẹ́lì, àbúrò Jòsáyà, ṣú u lópó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Sámúẹ́lì. Ó gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ró, ó tọ́ Ọpẹ́yẹmí bí ẹni tó bí i. Òun ni Ọpẹ́yẹmí ń pè ní Dádì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí ibojì bàbá rẹ̀, bó dàgbà tó, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́nà. Nínú èrò ní CMS, lẹ́nu ọ̀nà báńkì, Ọpẹ́yẹmí ṣì máa ń wo ojú àwọn arúgbó tó bá ń kọjá.

Ó pe Bárístà lórí fóònù.

"Onígi tó ní wáyà lára yẹn? Mo rà á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́ ni," Bárístà dáhùn. "Wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Ṣé ayédèrú ni?"

"Rárá, mà. Ojúlówó ni."

Ìyá Àsíátù ti wọ hìjáàbù, ó ń múra ìrun Jímọ̀. Ọpẹ́yẹmí fi ọ̀bẹ náà hàn án, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà tán fún un. "Màmá, bí wọ́n bá tilẹ̀ ti kú, ẹ ní wọ́n á wá. Mo kàn fẹ́ rí wọn ni. Ẹ̀ẹ̀kan. Kí n rí wọn tí wọ́n ń gé okùn páálí, kí n sì yọ ọ́ kí wọ́n lè lọ sinmi."

Ìyá náà wò ó pẹ̀lú àánú. "Ọmọ mi, ẹni bá wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí. Dá a padà sínú páálí. Mo ń lọ kírun, mo ń bọ̀."

Kò dá a padà sínú páálí. Ta ni yóò dá a padà?

Ó wá ojúlé ọ̀bẹ náà rí ní apá ibi tí orúnkún rẹ̀ mọ, àmì onígi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ọ̀bẹ wọlé láìjanpata. Níta, wọ́n ti tẹ́ ẹní síta gbogbo òpópónà, wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, ohùn lèmọ́ọ̀mù nìkan ló ń lọ. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù ara rẹ̀ ṣe. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lásán tó ń bọ̀ lórí kọnkéré, láìkánjú. Kí ẹni náà tó yọjú ló ti sọ pé, "Bàámi."

Dádì Sámúẹ́lì ló wọlé.

Kò wọ bàtà. Báírò tó fi ń kọ ọjà ṣì wà létí rẹ̀. Ọkàn Ọpẹ́yẹmí kọ́kọ́ balẹ̀, ó rò pé wọ́n ń wá òun ni. "Ẹ káàsán, sà! Ta ló sọ fún yín pé ibí ni mo wà?" Dádì kọjá lára rẹ̀ láìkí i, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ojú rẹ̀ ń wo ibi kan tó jìnnà.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra sókè, ó di nǹkan kan mú láti ẹ̀yìn, ó sì fà á sókè díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àgbọ̀n àgbò sókè lọ́jọ́ Iléyá. Ọwọ́ ọ̀tún wá láti òsì, ó lọ sí ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí nǹkan dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló nu ọ̀bẹ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ká a pa dé, ó sọ ọ́ sápò, ó sì fi ọwọ́ lu àpò náà jẹ́jẹ́ láti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì tún gbéra sókè.

Inú Ọpẹ́yẹmí bàjẹ́ kọjá ẹkún. Ọwọ́ yẹn ló di kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ọwọ́ yẹn ló ń gbàdúrà sórí oúnjẹ nílé wọn. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ti gbọ́ òwe náà láìmọye ìgbà, kò sì mọ̀ rí pé ilé tirẹ̀ ni wọ́n ń bá wí.

"Dádì, níbo lẹ gbé Bàámi sí?" ó bi í léèrè. "Kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

Ọwọ́ náà nìkan ló ń dáhùn, ohun kan náà ló sì ń sọ. Ọpẹ́yẹmí rántí fóònù rẹ̀, ó gbé e sókè láti ká a sílẹ̀. Nínú fóònù, arúgbó kan jókòó, ó ń tòògbé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Ó gbé ojú kúrò lára fóònù, ọwọ́ òsì tún ti wà lókè. Ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Àwọn tó ń kírun níwájú ilé forí kanlẹ̀, wọ́n dìde, kò sí ẹni tó rí i.

Ìyá Àsíátù bá wọn báyìí. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan, ó fi etí hìjáàbù bo ẹnu. "Lá ìláhà illallah," ni ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà: "Yọ ọ́, ọmọ mi. Yọ ọ́ kó o máa lọ sílé."

"Àwọn náà á máa lọ sílé, Màmá. Ilé kan náà là ń gbé."

"Yọ ọ́ ná."

Ó kúnlẹ̀, ó di èkù náà mú, wáyà bàbà tutù sí i lọ́wọ́. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Dádì yóò ta gìrì, yóò rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, yóò ní, "Ọpẹ́, kí ni mo wá ṣe níbí?" Kò ní rántí nǹkan kan nípa bẹ́ńṣì yìí. Ọwọ́ rẹ̀ yóò padà di ọwọ́ Dádì, yóò sì gbàdúrà sórí oúnjẹ lálẹ́. Ta ni yóò gbàgbọ́? Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wo lèèyàn ń gbé òpó lọ? Bí kò bá sì yọ ọ́, ẹni tó pa bàbá rẹ̀ kò ní kúrò lórí bẹ́ńṣì yìí láéláé, òun náà kò sì ní rí òdìkejì ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́.

Fóònù dún lápò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ọpẹ́, ṣé o gbọ́? Dádì rẹ dìde ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò tilẹ̀ wọ bàtà. Gbogbo Òkè Àrin la ti wá wọn dé. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Jọ̀ọ́, bá mi wá wọn."

"Mo ti rí wọn, Màámi. A jọ wà níbí."

Ó gbọ́ bí obìnrin náà ṣe mí kanlẹ̀, tó bú sẹ́rìn-ín, tó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. "Olúwa, o ṣeun o! Ẹ̀rù ti bà mí pé ó tún ti di bíi ti bàbá rẹ. Ìgbà wo lẹ máa dé? Mo ti gúnyán. Mo ti fi abọ́ bo ti ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀."

Ọpẹ́yẹmí wo ọwọ́ òsì tó tún ń gbéra sókè. Ó jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ bọ́ kúrò lára èkù ọ̀bẹ, ó dìde, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ tiyín, Màámi," ó wí. "Ẹ má dúró dè wá."